Ọdún Tí Àwa Aláró Lọ Bá Káńsù Sọ̀rọ̀ Owó Òde

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan lọ́nà Ìsẹ́yìn ni mo ti di àgbà. Ọkọ ló gbé mi débẹ̀. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé-ìwé módà ni. Awunṣọ ni ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ aláró: òun ló ń fi èlú pa òwú láró fún àwọn awunṣọ àdúgbò kí wọ́n tó fi wun ẹtù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú láti orí èékánná títí dé ìgbúnwọ́. Bó ti wù kó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, aró náà kì í lọ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ bá a jẹun, ó rí i pé mò ń wo ọwọ́ ọ̀hún.

Ó ní, “Ìyàwó, ṣé ọwọ́ mi ń bà ọ́ lẹ́rù ni?”

Mo ní, “Rárá o, Ìyá.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Ọwọ́ yìí náà ló tọ́ ọkọ ẹ dàgbà. Jẹun.”

Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìyá ọkọ mi ṣe di ọ̀rẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ obìnrin kò rí irú rẹ̀ nílé ọkọ. Títí di òní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé èmi rí i.

Iṣẹ́ aró ò ṣeé ṣe láìsí omi. A ó fi omi sẹ́ eérú, a ó fi rẹ èlú sínú ìkòkò, a ó sì tún fi ṣan òwú lẹ́yìn tó bá ti mu aró yó. Nígbà òjò, inú wa a máa dùn, a ó to garawa àti agbada sábẹ́ òrùlé. Ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá ti dé, tí koríko odò ọ̀nà oko bá ti gbẹ di pupa, kànga àdúgbò wa a gbẹ pẹ̀lú. A ó wá máa lọ pọnmi lódò tó wà lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́. Tí a bá kírun Àsùbáà tán ni a ó ti gbéra, oòrùn á ti mú kí á tó padà dé. Òwú àwọn awunṣọ á wà nílẹ̀, wọn á máa dúró dè wá, àwọn oníbàárà tiwọn náà á sì máa dúró dè wọ́n.

Kì í kúkú ṣe pé omi ẹ̀rọ kò sí nílùú. Ó wà. Páìpù rẹ̀ gba iwájú àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọjá, ó gba iwájú ilé alága káńsù kọjá, ó dé ibi tí ọ̀dà títì parí sí, ó sì dúró síbẹ̀. Apá ibi tí ọ̀dà kò dé, tí àwa wà, ni páìpù náà kò dé.

Ní àsìkò tí mò ń wí yìí, ìjọba ológun ló wà lókè, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí á dìbò yan àwọn kánsẹ́lọ̀. Inú gbogbo wa dùn sí i. Kò pẹ́ tí alágogo fi kéde pé káńsù ti gbé owó tuntun kan jáde, owó ìdàgbàsókè ìlú. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣòwò tàbí tó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò san án, iye kan náà ni gbogbo wọn yóò sì san. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ní ìgò-ìgò, iye kan náà. Aláró oníkòkò méjì, iye kan náà. Àlàájì tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ àti ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ná Ìbàdàn àti Èkó, iye kan náà.

Ìyá ọkọ mi san tirẹ̀ láìjanpata. Ohun tó wá yí ọ̀rọ̀ padà ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí opó kan tó ń pa aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi àwọn ọmọ kéékèèké sílẹ̀ fún un, ìkòkò kan ṣoṣo ló sì ń fi ṣiṣẹ́. Àwọn agbowó káńsù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò ní ohun tí yóò fún wọn. Wọ́n wo yàrá, wọn ò rí nǹkan gidi mú. Ni wọ́n bá yíjú sí okùn tó sá òwú sí lẹ́yìnkùlé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a.

Ìyá sáré jáde. “Ẹ dákun, ẹ fi òwú yẹn sílẹ̀. Òwú oníbàárà ni, kì í ṣe tirẹ̀!”

Èyí tó dàgbà nínú wọn dáhùn pé, “Ìyá, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wa là ń jẹ́.”

Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo rí i pé kò lè wo ojú opó náà. Ṣùgbọ́n ó di òwú náà sínú àpò, wọ́n sì gbé e lọ bó ṣe tutù, ó ń kán sílẹ̀ títí wọ́n fi yà lórígun. Opó náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò rẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú.

Ìyá kò jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Ó pè mí wá sábẹ́ igi ẹ̀mí, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tó wà níwájú ilé.

Ó ní, “Ìyàwó, èmi ò ní kí á má sanwó o. Ìlú tí kò bá dáwó, ta ni yóò tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe? Ṣùgbọ́n ṣé bí èmi àti Àlàájì ṣe jọ ń jèrè nìyẹn, tí a ó fi jọ máa san iye kan? Mo sì tún fẹ́ mọ ibi tí owó ọ̀hún ń lọ, nítorí kò wá sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ìwọ lo kàwé. Wọ aṣọ, jẹ́ ká lọ bi wọ́n.”

A lọ sí ọ́fíìsì káńsù. Akọ̀wé tí a bá níbẹ̀ wò wá láti òkè délẹ̀, ó ní ètò ìṣúná kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kà sí etí gbogbo ayé. A padà sílé. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá ti tán, bí kì í bá ṣe ti kánsẹ́lọ̀ àdúgbò wa. Àgbẹ̀ ni, tábà ló ń gbìn, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe ariwo. Nígbà tí a dé oko rẹ̀, ó na ẹní fún wa lábẹ́ àtíbàbà, ó fún wa lómi mu, ó sì dá wa lóhùn bí ẹni tó ti ń retí wa tipẹ́.

Ó ní, “Ìyá, nínú ìpàdé, èmi nìkan ni mò ń sọ ọ́. Tí mo bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á ní tèmi ti jù. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wá fúnra yín, wọn ò ní lè sọ pé èmi nìkan ni mò ń dá a rò.”

Ìyá bi í pé, “Kí ni wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe?”

Ó sọ ọ́ fún wa pẹ̀lú Yorùbá tó yé wa: àga tuntun fún gbọ̀ngàn káńsù, mọ́tò fún alága, ọgbà yí ọ́fíìsì ká, àti ọ̀dà tuntun sí títì tó ti lọ́dà lórí tẹ́lẹ̀.

Ìyá ní, “Omi ńkọ́?”

Kánsẹ́lọ̀ mi orí. “Omi ò sí níbẹ̀.”

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. A kọ́kọ́ lọ bá àwọn aláró ẹgbẹ́ wa, lẹ́yìn náà àwọn awunṣọ, àwọn tó ń ta kẹrosíìnì, àwọn onígààrí. Lemọ́mù gbà kí á pàdé níwájú mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìpàdé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú. Àwọn kan nínú àwọn awunṣọ ní kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ mọ́, kí á rí ohun tí káńsù máa ṣe. Ìyá yarí. Ó ní bí a bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ọ̀lẹ tó ń sá fún owó ìlú ni wá, wọn ò sì ní gbọ́ ìyókù ọ̀rọ̀ wa. Wọ́n bá ara wọn fà á títí. Níkẹyìn, a fẹnu kò sí ohun mẹ́ta: kí oníkálukú máa san owó bí òwò rẹ̀ bá ṣe tó, kí wọ́n máa ka ètò ìṣúná ní gbangba, ní Yorùbá, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí omi sì dé apá ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní kí èmi kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì kà á níwájú káńsù.

Ilé wa gan-an ni wàhálà wà. Àlàájì oníṣọ́ọ̀bù aṣọ yẹn ló ń ra gbogbo aṣọ tí ọkọ mi bá wun. Ọ̀rẹ́ alága sì ni. Oyún àkọ́bí mi wà nínú nígbà náà, ọkọ mi ń ro ti ọmọ.

Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Bí Àlàájì bá gbọ́ pé ìyá mi àti ìyàwó mi ló ní kí wọ́n fi kún owó òun, ta ni yóò máa ra aṣọ lọ́wọ́ mi?”

Ìyá ní, “Mo gbọ́ ohun tí o sọ. Bí o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.”

Mi ò retí pé yóò sọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ mi náà. Ó jókòó sórí òfì rẹ̀, ó gbé ọkọ̀ òwú tó fi ń wunṣọ, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó dìde, ó wọ bùbá, ó jáde láìsọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó padà dé, ara rẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀.

Ó ní, “Mo ti lọ bá Àlàájì fúnra mi. Mo ní n ò fẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ sọ ni mo sọ fún un.”

Mo ní, “Kí ló wá wí?”

“Ó kàn ní, ‘Mo gbọ́.’ Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ojú tí mo fi ń wo ọkọ mi ti yí padà. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ tí káńsù dá fún wa pé, a kún inú gbọ̀ngàn wọn dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn aláró jókòó pọ̀ níwájú, gbogbo ọwọ́ wọn dúdú lórí itan wọn. Mo rí Àlàájì lẹ́yìn pátápátá, ó jókòó pẹ̀lú àwọn oníṣòwò ńlá. Alága ní kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ dìde. Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé náà. Mo fo ìlà kan, mo padà sí i, mo tún fo òmíràn.

Alága ní, “Ìyàwó kékeré, ta ló rán ọ níṣẹ́ yìí?”

Ìyá dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. “Èmi ni mo rán an, Alága. Àwa tí ẹ rí yìí la rán an. Ẹ jẹ́ kó simi, kó tún un kà.”

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì kúrò lára mi. Mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ni Ìyá ní kí opó aládùúgbò wa dìde, kó sọ bí wọ́n ṣe ká òwú rẹ̀ lórí okùn. Ó sọ ọ́ ní ṣókí, ó sì jókòó.

Alága kò bínú. Ó ní ó dun òun. Ó wá ní, “Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Bí a bá ní kí àwọn oníṣòwò ńlá san ju yín lọ, wọ́n á kó òwò wọn lọ sí Ìbàdàn. Tí wọ́n bá lọ, ta ni yóò wá ra aṣọ àti òwú yín?”

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ohun tó ń ba ọkọ mi lẹ́rù gan-an ni.

A gbọ́ tí àga dún lẹ́yìn. Àlàájì ti dìde.

Ó ní, “Alága, ṣé èmi lẹ ń báwí?”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Èmi ò kó lọ síbì kankan o. Ìbàdàn wo? Ṣé Ìbàdàn ló ń wun ẹtù tí mò ń tà? Lọ́jọ́ tí agbowó yín dé ṣọ́ọ̀bù mi, mo sanwó, mo gba rìsíìtì. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé iye tí mo san ni ẹni tó ń pa òwú mi láró náà san, ojú tì mí. Mi ò kàn rí ẹni bá sọ ọ́ ni. Ìkejì, lọ́dọọdún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aṣọ mi kì í délé lásìkò, nítorí àwọn obìnrin yìí wà lọ́nà odò. Bí omi bá dé ọ̀dọ̀ wọn, èmi náà á jèrè. Ẹ fi kún tèmi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n kà á sí mi létí bí ẹ ṣe fẹ́ ná an, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó yìí ṣe wí.”

Ó jókòó. Ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń kùn, òmíràn ń mi orí sókè sódò pé bẹ́ẹ̀ ni. Kánsẹ́lọ̀ wa onítábà wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Mo wẹ̀yìn wo ọkọ mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Omi ti lé sójú rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo nǹkan dára lọ́jọ́ kan. Káńsù gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, ó sì pẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ dá òwú opó yẹn padà. Ó ti gbẹ gan-gan nínú àpò, aró rẹ̀ sì ti ṣá, Ìyá bá a tún un pa láìgba nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín owó náà sí ìpele-ìpele: àwọn bíi tiwa san kékeré, àwọn onílé ìtajà san jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ló sì san jù. Mọ́tò alága dúró ná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, àwọn òṣìṣẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ láti ibi tí ọ̀dà parí sí títí dé igi ẹ̀mí iwájú ilé wa. Àwọn awunṣọ sọ̀kalẹ̀ lórí òfì, wọ́n bá wọn gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí omi kọ́kọ́ tú jáde, ó pupa bí ẹrẹ̀, kò sẹ́ni tó bìkítà. Ìyá fi ọwọ́ dúdú rẹ̀ gbọ́n ọn, ó fi bọ́jú, ó ní, “Àlùhámúdùlíláì.” Mo gbé ọmọ mi pọ̀n, èmi náà sọ ọ́ tẹ̀ lé e.

Ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn ni wọ́n ka ètò ìṣúná ní gbangba fún ìgbà àkọ́kọ́, lórí pápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ní Yorùbá. Akọ̀wé tó wò wá láti òkè délẹ̀ lọ́jọ́sí ló kà á. Kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu rárá, ṣùgbọ́n ó gbìyànjú, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àwa aláró ti bẹ̀bẹ̀ fún àtíbàbà onípáànù tí a ó máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó wà nínú ìwé, inú wa sì dùn. Ni àgbẹ̀ kan bá dìde, láti abúlé kan lẹ́yìn òkè. Ó ní àwọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè wá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni. Ó ní aboyún kan kú lọ́dọ̀ àwọn nígbà òjò, nítorí odò kún, kò sí afárá tí wọn ó gbé e gbà lọ sí ìlú fún ìtọ́jú. Ó ní afárá làwọn fẹ́.

Káńsù ní owó kò tó fún àtíbàbà àti afárá lọ́dún kan náà. Gbogbo ojú yí sí wa. Àwa obìnrin forí korí, a sọ̀rọ̀ díẹ̀ láàárín ara wa. Ọ̀kan nínú wa kò fẹ́, ó ní àwa la jà kí wọ́n tó máa kà á, àwa ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Opó aládùúgbò wa ló dá a lóhùn, ẹni tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tiwọn ju tiwa lọ.” Ìyá wá dìde, ó ní kí wọ́n gbé owó àtíbàbà fún afárá.

Àwọn ológun tún ìjọba gbà nígbà tó yá, wọ́n tú àwọn kánsẹ́lọ̀ ká, wọn ò sì ka ètò ìṣúná létí wa mọ́ fún ọdún púpọ̀. Ẹ̀rọ omi náà ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà mìíràn. Mi ò gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí àsìkò yẹn, ọpẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu: fún ìyá ọkọ mi, fún kánsẹ́lọ̀ tó na ẹní fún wa lóko tábà, fún ọkọ mi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá Àlàájì, fún Àlàájì náà tó dìde.

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ afárá náà tán, àwọn ará abúlé yẹn ránṣẹ́ sí wa pé kí á wá wò ó. A lọ, gbogbo àwa aláró. Pákó líle ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fi irin gbé e ró. Wọ́n gún iyán fún wa, wọ́n sì di èlú tútù láti oko wọn sínú apẹ̀rẹ̀ fún oníkálukú wa. Ìyá kò kánjú gorí afárá ọ̀hún. Ó dúró ní ìdajì rẹ̀, ó gbá igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú, ó ń wo omi tó ń ṣàn kọjá nísàlẹ̀. Obìnrin kan láti abúlé náà gbé ọmọ tuntun pọ̀n, ó ń bọ̀ láti òdìkejì. Ìyá yà fún un kó kọjá.